Ọba Tí Ó Dá Ẹ̀bùn Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, títí di 1923, orí òkè ni àwọn baba wa ní Ìdànrè ń gbé. Àpáta ni odi wọn nígbà ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń lépa nítorí òdodo, òkè wo ni yóò sá gùn, bí kò ṣe ìjọba mìíràn?

Ní nǹkan bí ọdún 615, àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì wa sá lọ sí ilẹ̀ Hábáṣà. Àwọn Kùráéṣì kó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ọba ibẹ̀, Najáṣì, pé kí ó dá wọn padà. Ọba gbọ́ tẹnu Jáfárù. Ẹ̀bùn ni ó dá padà, kì í ṣe ènìyàn.

Lóde òní, ó ti wà nínú ìwé. Ní 2004, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn aṣojú wọn lókè òkun pé, níbi tí ó bá ti yẹ, kí wọ́n máa jókòó sí kóòtù níbi ẹjọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo rántí 1995, tí ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa kọ́. Àwọn ìjọba òkèèrè pe aṣojú wọn padà, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun ríra epo wa. Kò pé ọdún kan, wọ́n yìnbọn pa Alhaja Kudirat Abiola ní Èkó.

Ẹ̀yin oníkòkó, ẹ mọ̀ pé òṣùwọ̀n tí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ kì í sọ òótọ́. Ìjọba tí ọjà bá ti dí lẹ́nu kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí ayé ní ọkàn Najáṣì. Àmín.