Ààrò Onígi Wo Ni Ká Rà? Àlàyé fún Ilé Ìdáná ní Abẹ́òkúta àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ilẹ̀ òtútù, ààrò onígi ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Ní Abẹ́òkúta, oòrùn ti bá wa ṣe ìyẹn. Ìkòkò ni àwa ń dáná fún. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, tí kílò gáàsì kan sì kọjá 1,000 náírà ní 2024, àwọn ilé tó ti gbàgbé igi tún ń padà sídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn kò sì kúrò nídìí rẹ̀ rárá: adíngàárì, àwọn tó ń bọ ìrẹsì Ọ̀fàdà, aládìrẹ, alásè òde ìnáwó.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ààrò tuntun, ìkòkò ni kó kọ́kọ́ wò, kó wo igi tẹ̀lé e, kó tó wo ààrò fúnra rẹ̀. Iye owó ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi owó ṣáájú lè ra ààrò tí kò lè gbé ìkòkò rẹ̀, tàbí èyí tí igi àdúgbò rẹ̀ kò lè wọ ẹnu rẹ̀.

Ibi tí ooru ń gbà lọ

Òwe ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe kò sọ pé kì í da ooru nù. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ooru igi ló ń wọ inú ìkòkò. Atẹ́gùn gbé ìyókù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí 5 lítà omi tó wà ní 28°C tó hó, ooru tó nílò tó megajoule 1.5. Kílò igi gbígbẹ kan ní nǹkan bíi megajoule 16 nínú. Bí ààrò bá ń lo ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, igi tí yóò jó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.8 kílò. Bí ó bá ń lo ìdá 25, kò ní ju 0.4 kílò lọ. Ìdì igi tí ẹ̀ ń lò lọ́sẹ̀ kan yóò di ti ọ̀sẹ̀ méjì.

Èéfín náà ní gbèsè tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní 2020, tí ó lé ní 237,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìyá tó ń dáná àti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fà á símú jù.

Àwọn ààrò tó wà lọ́jà àti nílé

*Olókùúta mẹ́ta àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.* Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í mì, ìkòkò ńlá sì ń jókòó lé e. Bí ẹ kò bá ní òmíràn, ẹ fi amọ̀ tàbí bíríkì yí i ká, kí ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ fún igi. Ìyẹn nìkan ti dín atẹ́gùn kù.

*Àdògán amọ̀.* Ó ń dáàbò bo iná, ó sì ń mú ooru dání. Amọ̀ tó nípọn máa ń kọ́kọ́ mu ooru kó tó fún ìkòkò, nítorí náà ẹ̀wà àti ẹran líle ló yẹ é ju omi tíì lọ. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Abẹ́ òrùlé ni kó máa gbé.

*Àdògán onírin.* Àwọn wẹ́dà ń fi ríìmù ọkọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù ṣe é. Ó lágbára, ó ṣeé gbé lọ sóde ìnáwó. Àmọ́ irin lásán máa ń jẹ́ kí ooru jáde lára, ó sì lè jó ọmọdé. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ bo inú rẹ̀ dára ju èyí tí wọn kò bò.

*Rocket stove.* Larry Winiarski ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní 1982 ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Aprovecho, ní Oregon, Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀nà iná sì dìde gánrán lọ sí ìdí ìkòkò. Igi ń wọlé lórí pẹpẹ kékeré, atẹ́gùn ń gba abẹ́ pẹpẹ náà wọlé. Fún ìkòkò ilé, ọ̀nà iná tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 tó, kó sì ga tó nǹkan bíi 30. A máa ń fi eérú tàbí nǹkan fúyẹ́ mìíràn kún àyíká rẹ̀ kí ooru má baà sá. Púpọ̀ nínú èéfín ń jóná kó tó jáde. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fẹ́; ẹni tí kò bá fẹ́ la igi kó má rà á.

*Àdògán èédú.* Irú èyí tí wọ́n fi amọ̀ bo inú rẹ̀ gbajúmọ̀ ní Kẹ́ńyà láti àwọn ọdún 1980. Èéfín rẹ̀ kéré. Àmọ́ kí kílò èédú kan tó jáde nínú ebu tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò, igi kílò márùn-ún sí mẹ́wàá ló ti lọ sí i.

Ìkòkò ni kó yan ààrò

*Làfún àti àmàlà.* Ẹni tó ń ro làfún ń fi agbára ti orógùn. Ààrò tí ìdí rẹ̀ tóóró yóò dojú dé. Èyí tó wúwo, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó ní irin tó ń di ìkòkò mú ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ìkòkò yín lé e, kí ẹ sì tì í bí ẹni ń ro ọkà.

*Ọbẹ̀, ìrẹsì, omi.* Rocket stove ni ó tọ́ sí i. Ẹ fi páànù yí ara ìkòkò ká, kó jìnnà sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí ooru má baà sá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

*Gàárì.* Àgbadà fẹ̀, iná tó rọra tó sì kárí ló fẹ́. Ààrò tí wọ́n mọ mọ́ ilẹ̀, tó ní páìpù èéfín tó ga ju òrùlé lọ, ló bójú mu. Kí ẹnu igi wà lẹ́yìn ògiri, kí adíngàárì má baà jókòó sínú èéfín.

*Bíbọ ìrẹsì Ọ̀fàdà.* Ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń bọ ìrẹsì sí. Irú ààrò tí a mọ mọ́ ilẹ̀ yìí náà ló yẹ, kí ìdí dúrọ́ọ̀mù rì sínú rẹ̀ díẹ̀.

*Àdìrẹ.* Aró inú ìkòkò kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n àdìrẹ alábẹ́là fẹ́ omi híhó tí wọ́n fi ń yọ abẹ́là kúrò lára aṣọ. Ní Ìtòkú àti Àsẹ̀rò, àdògán onírin tí wọ́n fi amọ̀ bò nínú yóò ṣe é, bí ó bá gba dúrọ́ọ̀mù dúró láìmì.

Bí a ṣe ń dán ààrò wò

Ẹ wọn ìdì igi méjì tó rí bákan náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ fi ọ̀kan sọ 5 lítà omi di híhó lórí ààrò àtijọ́, kí ẹ fi èkejì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tuntun, pẹ̀lú ìkòkò kan náà, kí ẹ dé e. Ẹ wọn igi tó ṣẹ́kù. Ààrò tí kò bá dín igi kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán kò yẹ lówó ńlá. Ẹ wo ìdí ìkòkò pẹ̀lú: bí ó bá dúdú kíákíá, igi kò jó tán.

Igi gbígbẹ ni ìdajì ààrò

Igi tútù ń lo ooru ara rẹ̀ láti gbẹ omi inú rẹ̀ kó tó gbé ooru dé ìkòkò. Ìdajì ìwọ̀n igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi. Èyí ló mú kí òfin ní England, láti oṣù Karùn-ún 2021, sọ pé igi ìdáná tí wọ́n ń tà ní ìwọ̀n kékeré kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 20 omi nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀ ní ọjà Lafẹ́ńwá tàbí Kútọ̀, nítorí náà ojú àti etí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Igi gbígbẹ fúyẹ́ lọ́wọ́, orí rẹ̀ ti sán, èèpo rẹ̀ ń bọ́, bí a bá sì gbá méjì mọ́ra, ìró rẹ̀ le, kò bò.

Àyìn ni olórí igi ìdáná: ó le, ògúnná rẹ̀ ń pẹ́. Igi kajú àti mẹ́lìnà ṣeé lò, bí wọ́n bá gbẹ dáadáa. Àràbà fúyẹ́, ó ń jó tán láìpẹ́. Ẹ má ṣe fi igi tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí dáná. Èéfín rẹ̀ ń ba oúnjẹ àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kàlẹ́ńdà igi ìdáná

*Bélú àti Ọ̀pẹ (oṣù 11 àti 12).* Òjò ti lọ. Ẹ gé igi, ẹ là á sí èyí tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ tò ó sórí òkúta kó má baà kan ilẹ̀.

*Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé (1 àti 2).* Ọyẹ́ ń gbẹ igi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbá koríko kúrò láyìíká ilé ìdáná, ẹ sì pa ògúnná kí ẹ tó sùn. Ìgbà tí iná ń ṣọṣẹ́ jù nìyí.

*Ẹrẹ́nà (3).* Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ kó igi sábẹ́ òrùlé. Ẹ fi amọ̀ tún àdògán tó ti sán ṣe nígbà tí oòrùn ṣì wà láti gbẹ ẹ́.

*Igbe sí Agẹmọ (4 sí 7).* Ẹ máa lo igi tí ẹ ti tò pamọ́. Ẹ gbá páìpù èéfín lóṣooṣù. Ní Èbìbí àti Òkúdù, ẹ gbin igi àgúnmánìyè sí ẹ̀bá oko. Bí a bá gé e, ó tún ń hù.

*Ògún (8).* Òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ tún igi sá.

*Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà (9 àti 10).* Igi ọjà sábà máa ń tutù lásìkò yìí. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ rà, kó dín owó rẹ̀ kù nítorí omi tó wà nínú rẹ̀, kó sì sá a lẹ́yìn ààrò, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún òwúrọ̀ ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá mú, àwọn kan máa ń gbé àdògán èédú wọ yàrá láti yáná, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe é. Èédú tó ń jó ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn lè má jí. Aṣọ tó nípọn ni kí ẹ fi lé òtútù. Bí ara ẹnikẹ́ni bá yí padà nínú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.