Ẹ Ka Iye Bálúùnù Kí Ẹ Tó Dárúkọ Owó

Láti ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò láti Èkó lọ́dún 1912 ni àwọn baba wa ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun nílùú yìí. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n owó àgbà ló wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá gba òpópónà Niger kọjá lọ́jọ́ Sátidé tí ayẹyẹ pọ̀, ẹ ó rí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi bálúùnù ṣe, tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Iṣẹ́ yìí ti di oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa. Ohun tó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ tó yẹ kó mú èrè wá ń di gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Níbi ìgbéyàwó kan tí a lọ, bálúùnù tán nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì. Àwọn àna ti wà lọ́nà. Ọmọ wa tó gba iṣẹ́ náà sáré lọ sọ́jà, aró tó bá níbẹ̀ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó sì fi gbogbo èrè rẹ̀ rà á. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Kò ṣírò ni.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ lọ wo ibẹ̀, kí ẹ wọn ìbú àti gíga rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdajì àyíká róbótó, ẹ fi 1.57 sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 10 yóò fún yín ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16. Ṣùgbọ́n gíga irú èyí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, gèlè ìyàwó kò ní gbabẹ̀ kọjá! Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 kún un nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gíga di 8, gígùn gbogbo rẹ̀ di 22. Bí ó bá tẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ okùn lé e, kí ẹ wọn okùn náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so bálúùnù mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ títí yóò fi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ kà á. Ká ní ó gba 16, ẹsẹ̀ bàtà kan gba 8 nìyẹn. 22 lọ́nà 8 jẹ́ 176. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa bẹ́, ó di 194.

Ibi tí owó ti ń sọnù ni àwọ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ funfun àti aró lọ́gbọọgba, 97 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpò 100 méjì ti tó. Bí ó bá ní kí ẹ fi wúrà kún un, àpò mẹ́ta lẹ máa rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye bálúùnù kò yí padà. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ kí ẹ tó dárúkọ owó. Ẹ ka páìpù, òwú, garawa oníyanrìn, owó ọkọ̀ àti owó ọwọ́ yín pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé oòrùn Kánò. Oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe bálúùnù, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ sí i bí ooru bá mú. Bó bá jẹ́ ti ínǹṣì 11, ẹ má fẹ́ ẹ kọjá 9. Ẹ gé ihò ínǹṣì 9 sára páálí, kí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Atẹ́gùn pọ́ǹpù lásán ti tó, ẹ má náwó sí gáàsì. Ẹ ṣe é lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì fi yanrìn kún garawa dáadáa nígbà ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka èyí sétí àwọn ọmọ yín. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe wọ́n lóore.