Ta Ni Ọ̀gá Láàrin Àwọn Atagìtá: Ẹni Tí Ìka Rẹ̀ Yá, Tàbí Ẹni Tí Ó Dá Tirẹ̀ Sílẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kàdúná níhìn-ín. Ọmọ ọdún 19 ni. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ó ti gbájú mọ́ gìtá títa, kì í sì í ṣe gìtá jùjú tàbí ti ilé ìjọsìn, bí kò ṣe ti orin rọ́ọ̀kì, orin líle tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà àti àwọn òyìnbó jọ bí. Lálaalẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo sì jókòó ti ìwé tí mo ní láti túmọ̀, ohun tí etí mi máa ń gbọ́ láti yàrá rẹ̀ ni fóònù rẹ̀ tí ń ṣe kọ́, kọ́, kọ́ bí agogo ara ògiri, tí ìka rẹ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé e lórí okùn. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, yóò mú kí kọ́kọ́kọ́ náà yára díẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó ní òun ti mọ "Eruption" ta tán, èyí tí Eddie Van Halen gbé jáde ní ọdún 1978. Orin náà kò ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 42 lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yìí fi kọ́ ọ. Ó ta á, kò ṣìnà níbì kankan. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jù ú lọ díẹ̀ ní ọjọ́ orí, ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní òpópó wa tí òun náà sì ń ta gìtá, gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Àbúrò, ọwọ́ rẹ yá o. Ṣùgbọ́n kí ni o sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí dé akínyẹmí ara. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kò lè ta ìdajì rẹ̀!" Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n bá àwọn dá ẹjọ́ náà nítorí pé mo lọ sí yunifásítì, bí ẹni pé gìtá ni mo lọ kà níbẹ̀. N kò dá ẹjọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí ti wà kí a tó bí àwọn méjèèjì. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá lè ta ohun tí ó ṣòro jù lọ láìfi ẹsẹ̀ kọ, òun ni ọ̀gá. Àwọn kejì ní ẹni tí ó bá mú ohùn tí etí kò gbọ́ rí jáde ni kí á dọ̀bálẹ̀ fún, ì báà ṣe ìka méjì péré ni ó fi ta á.

Bí ọ̀rẹ́ ọmọ wa bá ń wá ẹlẹ́rìí, n óò pe Dave Davies fún un. Ní ọdún 1964, ọmọ ọdún 17 ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Kinks ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ àńpù rẹ̀ kékeré mọ́ jù lójú rẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bá mú abẹ, ó fi ya pépà tí ń bẹ nínú sípíkà ẹ̀rọ náà. Ohùn tí ó wá jáde ha bí ohùn ẹni tí ó ti kígbe di òwúrọ̀. Ohùn yẹn ni wọ́n fi ṣe "You Really Got Me," tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà tí ó sì di orin tí ó tà jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gìtá ní oṣù tí ó kọjá lè ta ìpìlẹ̀ orin náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ Davies ní abẹ yíya. Bí ó bá jẹ́ nínú ilé tèmi ni ọmọ kan ti ya ẹ̀rọ olówó gọbọi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ ì bá rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbọ́ ẹnu ọmọ mi náà, nítorí agbẹjọ́rò àgbà ni Van Halen. Bí a ti máa ń ta gìtá ni pé ọwọ́ kan yóò máa tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá, ọwọ́ kejì yóò máa já okùn nísàlẹ̀. Van Halen gbé ìka ọwọ́ ìsàlẹ̀ yìí gun ọrùn gìtá, ó sì fi ń lu okùn níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lórí okùn kan náà bí àwọn obìnrin méjì tí ń gún iyán nínú odó kan. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, etí kò tètè gbà pé gìtá kan ṣoṣo ni. Láti ìgbà náà ni eré ìje ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gìtá kan ti ṣí ní Hollywood ní ọdún 1977, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí ìka ṣe ń sáré gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ìṣirò. Ní ọdún 1984, Yngwie Malmsteen, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé Rising Force jáde. Ọ̀dọ̀ Paganini, ọmọ Ítálì tí ó fi fáyólìn da ìlú rú ní igba ọdún sẹ́yìn, ni ó ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n rẹ̀. Ìyanu ni Malmsteen jẹ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni mo ní wàhálà pẹ̀lú. Mo ti fetí sí àwo mẹ́ta nínú tiwọn tẹ̀léra tẹ̀léra ní òru kan, n kò sì lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí Van Halen fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá ìmọ̀ọ́ṣe yìí kò mọ orin kà lórí ìwé. Gìtá tí ó ń ta kì í ṣe èyí tí a rà tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ara gìtá tí ó lábùkù ni ó rà lọ́tọ̀, ó ra ọrùn rẹ̀ lọ́tọ̀, ó yọ ohun tí ń gbá ohùn mú lára gìtá mìíràn, ó kàn wọ́n pọ̀, ó sì fi ọ̀dà kùn wọ́n ní ilà ilà. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjì lu okùn pàápàá, nítorí Steve Hackett ti ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ Genesis ní ọdún 1971. Ohùn kan ni Van Halen ń wá, ó sì ń gé, ó ń kàn, ó ń dán an wò títí ó fi rí i. Ohun tí ọmọ mi fi oṣù mẹ́jọ kọ́ ni ibi tí ọkùnrin náà dé. Ìrìn tí ó rìn kí ó tó dé ibẹ̀ kò sí nínú ohun tí a lè fi kọ́kọ́kọ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ nínú gbogbo wọn ni Tony Iommi. A bí i ní Birmingham ní ọdún 1948, ó sì ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù irin. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 17, ẹgbẹ́ akọrin kan fẹ́ mú un lọ sí Jámánì, ó sì pinnu láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, ó lọ jẹun ọ̀sán nílé, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní padà. Ìyá ní rárá, kí ó lọ parí iṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúwàbí. Ó padà. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ kan kò wá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí Iommi dúró nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wálẹ̀, ó sì gé orí ìka àárín àti ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọnù. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an ni ó fi ń tẹ okùn.

Àwọn oníṣègùn ní kí ó gbàgbé gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan wá bá a nílé, tí ó ní kí ó gbọ́ ọ. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán ni ọ̀gá náà tó sọ fún un pé Django Reinhardt ni ẹni tí ń ta gìtá ọ̀hún, pé iná jó o ní ọdún 1928, àti pé ìka méjì nínú ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Iommi bá yọ́ ike ìgò ọṣẹ ìfọwo, ó rọ ọ́ bí fìlà kékeré fún ìka méjèèjì, ó ha á títí ó fi dọ́gba, ó sì lẹ awọ tí ó gé lára jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ ọn kí ó má baà máa yọ̀ lórí okùn. Okùn gìtá le jù fún ìka bẹ́ẹ̀, ó sì wá okùn bẹ́ńjò, irú èyí tí àwọn òṣèré jùjú ayé àtijọ́ ń ta, ó fi rọ́pò àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú tirẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1971, ó tún dẹ gbogbo okùn náà sílẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀.

Okùn tí a bá dẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ohùn gìtá náà wá wúwo, ó ṣókùnkùn, bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń kù lókè tí kò tíì rọ̀. Ṣáájú èyí, ní oṣù kejì ọdún 1970, ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, ti gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Ohùn mẹ́ta péré ni ó gbé orin tí ó ṣáájú nínú rẹ̀ ró, wọ́n sì ń falẹ̀ bí ẹni tí ń gbé òkú. Láti ara ìka gígé yìí ni gbogbo ìdílé orin tí a ń pè ní hẹ́fì mẹ́tàlì ti gba ohùn. Ní oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣe eré ìdágbére ní pápá Villa Park ní ìlú wọn, àwọn atagìtá tí ìka wọn pé, tí wọ́n sì yára ju Iommi lọ ní ìlọ́po, ni ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti wá júbà rẹ̀. Bí a bá tún fẹ́ rí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dín ohun èlò rẹ̀ kù, Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones yọ okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá rẹ̀, ó sì fi márùn-ún tí ó kù ta ọ̀pọ̀ nínú orin tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo sọ ìtàn Iommi fún ọ̀rẹ́ ọmọ wa, ó sì bẹ́ sókè pé òun ti jàre. N kò gbà fún un. Àwọn tí ń pariwo pé àtinúdá nìkan ni ó ṣe pàtàkì máa ń pe Jimi Hendrix ní ẹ̀rí: wọ́n ní òun náà kò mọ orin kà, wọ́n ní gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó ń dojú rẹ̀ kọ òdìkejì nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, wọ́n ní ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Wọ́n gbàgbé pé nígbà tí ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní ọdún 1962, bí ọdún mẹ́rin ni ó fi ń ta gìtá lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ Isley Brothers àti Little Richard wà lára wọn, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ni yóò sì ta. Kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹrú fún ọkàn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1969, ní Woodstock, ó ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ṣùgbọ́n láàrin orin tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀, ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí fò, bọ́ǹbù ń já bọ́, ènìyàn ń ké, lẹ́yìn náà ni orin yóò tún padà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọdún kan àti oṣù kan péré ni ó lò láyé lẹ́yìn èyí. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa láti lóye, nítorí a bí wa sí ibi tí ìlù ti ń pe ènìyàn lórúkọ. Ọmọ Àyàn a máa fi ọ̀pọ̀ ọdún lu omele kí á tó gbé ìyáàlù fún un. Síbẹ̀, bí ó bá dé òde ìnáwó, kì í ṣe nítorí pé ọ̀pá ìlù rẹ̀ yára ni a ṣe ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. A ń lẹ owó mọ́ ọn nítorí pé ó ki baba wa bí ó ti yẹ. Ẹ sì kíyè sí i: bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, tí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sí ibi tí ti òkè yẹ kí ó wà, oríkì lè di èébú, ó sì lè gba ìgbátí dípò owó. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ í sọ ni ó nílò ọwọ́ tí kò ní tàsé jù. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Nítorí náà ni n kò ṣe ní kí ọmọ mi pa kọ́kọ́kọ́ rẹ̀ tì, bí ó tilẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́.

Nǹkan bí ọdún 1976 ni àwọn ọmọ pọ́ńkì dìde ní New York àti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ní kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Orin 14 ni ẹgbẹ́ Ramones kó sínú àwo wọn àkọ́kọ́, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀lẹ ni ó ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Kurt Cobain ti ẹgbẹ́ Nirvana kò sí lára wọn. Nígbà tí ó dé ibi tí gìtá yẹ kí ó ti dá ṣe fáàrí nínú orin wọn tí ó lókìkí jù ní ọdún 1991, ohùn tí ó ti fi ẹnu kọ tẹ́lẹ̀ ni ó tún fi gìtá kọ, ó sì tó.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, ọdún 1973 jẹ́ ọdún kan. Ní ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde, tí Berkley Jones ń ta gìtá níbẹ̀ bí àgbà. Ní ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, gbé Try and Love jáde. Ẹni tí ó bá mọ gìtá yóò gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà kò tíì gbó. Síbẹ̀, a tún àwo wọn tẹ̀ jáde ní òkè òkun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé àwọn tí kò gbé ilẹ̀ wa rí ń wá a kiri. Mo fi í gbọ́ fún ọmọ mi. Ó ní: "Bọ̀dá, àwọn wọ̀nyí ń ṣìnà." Ó sì tún un gbọ́ ní ìgbà mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, òjò rọ̀, iná mànàmáná lọ, ọ̀kan nínú okùn gìtá rẹ̀ sì já. Ọjà ti tú, kò sí ibi tí a ti lè rí òmíràn rà. Fóònù rẹ̀ ti kú, kò sí kọ́kọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, òjò ni ó dá a dúró. Ọmọ yìí jókòó nínú òkùnkùn, ó ń fi okùn márùn-ún tí ó kù ṣeré, ìka rẹ̀ sì ń yẹ ibi tí okùn kẹfà máa ń wà sílẹ̀. Ohùn kan bọ́ síbẹ̀. Kò gùn, kò sì yára. Èmi tí mo ń fi àtùpà kàwé, mo gbé orí sókè.

"Àbúrò, tún èyí ta."

Ó gbìyànjú, kò rí i mọ́. Ó tún gbìyànjú. Ó yíjú sí mi: "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, àbí ẹ kò gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ. Iná ti dé láti ìgbà náà, ó sì ti ra okùn mìíràn, ṣùgbọ́n kò tíì so ó. Bí mo ti ń kọ èyí, àwọn méjèèjì wà nínú yàrá, wọ́n ṣì ń wá a.