Títo Mánífóòdù sí Ara Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto. Volkswagen ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì jìnnà sí Ìbà àti Òkòkòmaíkò.

Kì í ṣe ìrìnnà nìkan ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wúlò fún. Ní ọdún 1963, ẹgbẹ́ Sports Car Club of America tẹ́wọ́ gba eré ìje kan tí ń jẹ́ Formula Vee, nínú èyí tí ọkọ̀ kékeré oníjókòó kan ń fi ẹ́ńjìnnì Ìjàpá sáré. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn ti jẹ́ ọ̀kan náà, ọwọ́ ẹni tí ó tò ó ni ìyàtọ̀ wà, mánífóòdù sì wà lára ohun tí ó gba ìṣọ́ra jù.

Kí ni à ń pè ní mánífóòdù? Òun ni ọ̀pá tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù-sìlíńdà. Kabúrétọ̀ a máa po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́. Mánífóòdù a sì máa pín àdàpọ̀ náà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Sìlíńdà mẹ́rin ni Ìjàpá ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, kabúrétọ̀ kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn. Nítorí náà ni mánífóòdù rẹ̀ ṣe na apá sí ìhà méjèèjì.

Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán, ìwọ̀n kan rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́. Bí mánífóòdù bá wọ́, tí àlàfo bíńtín sì wà, ẹ́ńjìnnì yóò fa afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kabúrétọ̀ kọjá. Àdàpọ̀ tí epo rẹ̀ kò tó a sì máa gbóná rékọjá ààlà. Ìjàpá kò ní omi tí ń tù ú. Afẹ́fẹ́ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, sìlíńdà kẹta ni ó ń jìyà jù, nítorí pé ohun tí ń tu ọ́ìlì dúró sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Bí fáàfù bá jó, tí orí rẹ̀ já sínú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa ra kabúrétọ̀ tuntun. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú.

Nígbà títò, a óò kọ́kọ́ fá gáskẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kúrò, a óò sì fi àkísà mímọ́ dí ihò kí èérún má ba à wọlé. A óò gbé irin tí ó tọ́ lé ojú ìsopọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ojú náà kò tẹ́, a sì ní láti mú un tẹ́. Lẹ́yìn èyí, a óò yọ àkísà, a óò sì gbé mánífóòdù sórí sítọ́ọ̀dù pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, láìtíì fún nọ́ọ̀tù kankan. Ó yẹ kí ó jókòó fúnra rẹ̀ níhà méjèèjì. Bí ìhà kan bá jókòó tí èkejì gbé sókè, kí a má ṣe fi sípánà fà á wálẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná tí ó ń tutù, ọ̀pá náà yóò máa fà padà títí yóò fi ṣí. Páìpù tí ń gba ooru láti ara sáléńsà náà kò gbọdọ̀ tíì di. A óò fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tù tán, kí a tó máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún àti òsì, títí dé nǹkan bí newton-metre 20. Bí mánífóòdù bá jẹ́ alápá mẹ́ta, rọ́bà tí ó so wọ́n pọ̀ ni a ń dì kẹ́yìn.

Láti dán an wò, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí a sì wọ́n omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ wọ́n bẹntiróòlù, nítorí sáléńsà gbígbóná wà nítòsí.

Ohun tí ọmọṣẹ́ ní láti dì mú kò ju èyí lọ: títò ni ó ń ṣáájú dídè. Nọ́ọ̀tù a máa di ohun tí ó tọ́ mú. Kì í sọ ohun tí ó wọ́ di títọ́. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a fi agbára mú ní í ń ni ni lára.