A Kì í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Nípa Iná Inú Àjà

Òórùn ló kọ́kọ́ ta wá lólobó. Alẹ́ Sátidé kan ni, ní agboolé tí mò ń gbé ní Kumasi. Kì í ṣe òórùn ọbẹ̀ tó jóná, kì í sì í ṣe ti pàǹtí tí ará àdúgbò ń sun. Ó jọ òórùn rọ́bà tó ń yọ́. A wá a títí dé ilé ìdáná, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, gbójú sókè ní pálọ̀ rẹ̀ ló rí i pé pákó tó yí ọ̀kan nínú àwọn iná tuntun rẹ̀ ká ti ń dúdú.

"Ẹ bá mi pa iná o!" ni Màmá kígbe.

Àwọn ọmọdé sáré lọ bu omi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sáré lọ sídìí ṣíwíìṣì àgbà, ó sì pa á. Ọpẹ́ ni pé òun ló yá jù, torí omi àti iná mànàmáná kò gbọdọ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ní èdè wa, iná ni èyí tó ń tànmọ́lẹ̀, iná náà sì ni èyí tó ń jólé. Àwọn Àṣáńtì tí a jọ ń gbé ya méjèèjì sọ́tọ̀: kanea ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, ogya ni wọ́n ń pe ìkejì. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ méjì yẹn sàn ju ẹyọ kan tiwa lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lókè àjà?

Irú iná tí Màmá ṣe ló gbòde báyìí. Dípò kí gílóòbù máa rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á lu ihò roboto sí àjà, wọ́n á ti iná sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Ó máa ń jẹ́ kí yàrá dà bíi pé ó ga sí i, ó sì wuni lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí a kò rí níbẹ̀ ju ohun tí a rí lọ. Wáyà, ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, àti ooru iná náà, òkè àjà ni gbogbo wọn wà.

Ní Kumasi, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀. Ìlú igi àti pákó ni ìlú yìí, àjà onípákó sì pọ̀ nínú ilé. Páànù ló wà lókè rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti pa páànù, àárín páànù àti àjà á ti gbóná kí ẹnikẹ́ni tó tan iná rárá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oníṣẹ́ iná mìíràn tó ní ìwé àṣẹ wá tú àjà Màmá wò. Nǹkan mẹ́ta ló fi hàn wá.

Èkíní, gílóòbù halogen tí wọ́n ti lò rí lókè òkun ni ẹni àkọ́kọ́ rà, nítorí pé kò wọ́n. Mẹ́jọ ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ 50 wáàtì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400 wáàtì, bẹ́ẹ̀ ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń dà, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

Èkejì, wọ́n kàn lọ́ wáyà mọ́ra wọn, wọ́n wé téèpù mọ́ ọn. Ibi tí wáyà kò bá ti fún dáadáa ló máa ń gbóná, ooru òkè àjà sì máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù títí yóò fi tú.

Ẹ̀kẹta, eku ti kó koríko àti bébà jọ síbẹ̀. Ìtẹ́ eku kò jìnnà sí ìdí gílóòbù ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

Màmá jókòó. Ó ní, "Olùkọ́, àbí ẹ ò rí i? Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ọmọ-ọmọ mi ń sùn."

Irú iná wo ni kí ẹ rà?

LED ni. Bí gílóòbù àtijọ́ bá jẹ 60 wáàtì, LED tó jẹ nǹkan bíi 9 wáàtì á fún yín ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ooru rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ dídín iná kù kì í ṣe tuntun ní Ghana. Ní ọdún 2007, nígbà tí omi Akosombo fà tí iná di ọ̀wọ́n, ìjọba pín gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ tó 6 mílíọ̀nù fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2008, wọ́n ṣe òfin tó fòpin sí kíkó gílóòbù onírin-pupa àtijọ́ wọlé àti títà á.

Ẹ wo àpótí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà tó ní K níwájú ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: 3000K pọ́n díẹ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó dára fún yàrá àti pálọ̀, 4000K funfun díẹ̀, ó bá ilé ìdáná mu, 6500K funfun gbòò. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú yàrá kan. Fún balùwẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP44 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, kí oruku omi má baà bà á jẹ́. Ìwọ̀n ihò tí ẹ máa lu náà wà lára àpótí. Ó máa ń kéré sí ojú iná tó hàn síta.

Mélòó ló tó?

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń náwó dànù. Ẹ pín gíga àjà sí méjì, ìyẹn ni àlàfo tó yẹ kó wà láàárín iná kan sí èkejì. Láti ara ògiri sí iná àkọ́kọ́, ẹ lo ìdajì àlàfo náà. Bí àjà yín bá ga tó mítà 2.7, àlàfo á jẹ́ bíi mítà 1.35, ti ara ògiri á sì jẹ́ bíi sẹ̀ńtímítà 67.

Pálọ̀ Màmá gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Ọ̀wọ́ méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, ti tó o: iná mẹ́fà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ 9 wáàtì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 54. Ẹ fi wé 400 àkọ́kọ́.

Ta ni yóò ṣe é?

Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ọmọ àdúgbò tó "mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀". Òfin wáyà iná ilé tí Ghana ṣe ní ọdún 2011, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ L.I. 2008, sọ pé ẹni tí Energy Commission bá fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ wáyà nínú ilé. Ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín, ẹ má tijú. Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà, NEMSA ló ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé ẹ̀rí.

Iṣẹ́ tiyín ni láti mọ ohun tí ẹ ó máa wò:

1. Kó pa ṣíwíìṣì àgbà kó tó gun àkàbà, kó sì fi tẹ́sítà wò ó. Kó má gbára lé àwọ̀ wáyà nìkan: pupa àti dúdú ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, búráùn àti búlúù ló wà nínú wáyà tuntun.

2. Kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àjà, kó sì yọjú sókè kó tó lu ihò, kó má baà ge igi tó gbé àjà dúró tàbí wáyà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó ṣe ihò kan ṣoṣo, kó fi iná wọ̀n ọ́n, kó tó lu ìyókù.

3. Wáyà 1.5 ló yẹ fún iná. Inú àpótí tó ní ìdérí ni kó ti so ó pọ̀ pẹ̀lú kọ́nẹ́tọ̀ onískúrúù. Bí ara iná bá jẹ́ irin, kó fa wáyà ilẹ̀ dé ibẹ̀.

4. Àpótí kékeré tó ń tẹ̀ lé LED, tó ń dín agbára iná kù fún un, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ohunkóhun. Kí wọ́n gbá òkè àjà mọ́ kúrò nínú ìtẹ́ eku àti páálí.

5. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ tan gbogbo iná fún wákàtí kan kó tó lọ. Ẹ gbóòórùn. Ẹ fọwọ́ kan àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kó gbóná.

Ọ̀kan ṣì kù. Ní Ghana, dumsɔ ni wọ́n ń pe kí iná máa lọ kó máa bọ̀: dum, pa á, sɔ, tàn án. Bí iná bá lọ, ẹ pa ṣíwíìṣì yín. Bó ṣe máa ń dé pẹ̀lú agbára òjijì ló ń ba àpótí kékeré yẹn jẹ́. Bí iná kan bá sì ń ṣẹ́jú tàbí tó ń kùn, ẹ má fi dọ̀la, ẹ pa á kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Wọ́n ti tún ti Màmá ṣe. Wọ́n pààrọ̀ pákó tó dúdú, wọ́n sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí ihò tí kò wúlò mọ́. Owó ìkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dùn ún. Lálẹ́ tí wọ́n parí, ó dúró láàárín pálọ̀, ó tan iná, ó sì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ kan àjà.

"Olùkọ́, ṣé èyí ò ní jó wa?"

"Kò ní jó wa, Mà. Àmọ́ ẹ máa gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Àwọn àgbà ti sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa ti fi sórí òrùlé báyìí, a sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó kù kí a rí i dájú pé èyí tó ń tànmọ́lẹ̀ nìkan ni.