Nígbà Tí Fóònù Akápò Bá Ń Falẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti ìpín. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ohun tí ó kan alábẹ̀wò ìwé ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ fóònù, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ yòówù. Bí mo ti ń fi ìwé owó wọn wé èyí tí bánkì tẹ̀ jáde, mo rí i pé ₦150,000 tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó fún ọmọ ẹgbẹ́ kan ti jáde lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 4 péré ni ó wà láàárín èkíní àti èkejì. Nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ọ́.

Akápò ẹgbẹ́ náà jẹ́ ìyá àgbà kan tí wọ́n ti ń tọ́jú owó fún ọdún 11, tí kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí."

Màmá wo ìwé náà títí, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fóònù yìí ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo dúró títí, kò fèsì. Mo rò pé owó náà kò lọ ni, ni mo bá tún fi ránṣẹ́."

Ọmọ ẹgbẹ́ tí owó wọlé fún ti ná gbogbo rẹ̀ tán. ₦300,000 ni ó kọ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó dín in sí ìdajì. Nígbà tí ó rí owó méjèèjì, ó gbà pé ìgbìmọ̀ ti ṣàánú òun ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé akápò àti ẹni náà mọ ohun tí àwọn jọ ń ṣe. Ẹ wo bí fóònù tí ń falẹ̀ ṣe fẹ́ ba orúkọ rere ọdún 11 jẹ́.

OHUN TÍ MO BÁ NÍNÚ FÓÒNÙ NÁÀ

Mo bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n wo fóònù náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ hàn mí. Wọn a mú gbogbo áàpù tí wọ́n ti ṣí jáde sí ojú fóònù, wọn a sì fi ìka gbá wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ó tó ìgbà 10 lójúmọ́ tí mo ń gbá a mọ́ báyìí, síbẹ̀ ńṣe ni ó túbọ̀ ń lọ́ra." Ọmọ-ọmọ wọn sì ti bá wọn fi áàpù 2 sí i, irú èyí tí ń ṣèlérí pé òun yóò fọ fóònù mọ́, òun yóò sì mú kí ó yára.

Mo wo àyè ìpamọ́ rẹ̀. Nínú 32 GB, ohun tí ó ṣẹ́kù kò tó 1 GB. Fídíò ìkíni àárọ̀, fídíò ìsìnkú, ti ìgbéyàwó àti ti àwàdà ni ó kún un dẹ́nu.

N kò lè fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi fúnra mi fi ń gbá áàpù dànù bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa ṣe é. Ìgbà tí mo lọ kàwé nípa rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àṣìṣe ni.

TÁBÌLÌ ÀTI KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́fíìsì akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí ó ń kó gbogbo lẹ́jà sí, ó sì ní tábìlì tí ó ń gbé lẹ́jà lé nígbà tí ó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóònù rí. Ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní storage ni kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni àwòrán, fídíò àti áàpù ń gbé. Èyí tí wọ́n ń pè ní RAM ni tábìlì. Orí rẹ̀ ni áàpù tí a bá ṣí máa ń wà. Kọ́bọ́ọ̀dù fóònù Màmá jẹ́ 32 GB, ṣùgbọ́n 2 GB péré ni tábìlì rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fi áàpù kan sílẹ̀ tí ẹ bọ́ sí òmíràn, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́. Ó dà bí lẹ́jà tí a pa dé, tí a sì sún sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì kí ọwọ́ lè tètè tó o. Bí tábìlì bá kún, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò kó èyí tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ kúrò. Kì í dúró dè wá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbá áàpù dànù, ńṣe ni a dá lẹ́jà padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá tún nílò rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, fóònù yóò tún lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò wá a, yóò gbé e wá, yóò sì tún ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ó sì ń jẹ bátìrì ju kí a kàn mú un ní orí tábìlì lọ. Gbogbo ìgbà 10 tí Màmá ń gbá fóònù lójúmọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń fi kún iṣẹ́ fún un.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ti sọ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, oníbàárà kan kọ̀wé sí Apple láti béèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa pa áàpù iPhone kí bátìrì lè pẹ́. Craig Federighi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, fèsì pé rárá. Hiroshi Lockheimer, tí ó ń darí Android ní Google nígbà náà, ní bákan náà ni ti Android, àti pé ó tilẹ̀ lè mú kí nǹkan burú sí i. Android 6, tí ó jáde ní ọdún 2015, ti ń mú kí áàpù sinmi nígbà tí fóònù bá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ń lò ó. Android 8 ti ọdún 2017 pààlà sí iṣẹ́ tí áàpù lè ṣe lábẹ́lẹ̀. Android 9 ti ọdún 2018 sì ń wo áàpù tí onífóònù kì í sábà lò, ó ń dín agbára bátìrì tí ó ń fún un kù.

ÀWỌN TÍ Ń ṢIṢẸ́ LÁBẸ́LẸ̀ NÍ TÒÓTỌ́

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo áàpù ni ó ń sinmi. Àwọn kan wà tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a kò rí wọn: èyí tí ń gba fídíò wọlé láìjẹ́ pé a rán an, èyí tí ń ṣọ́ ibi tí a wà, èyí tí ń kó àwòrán lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò fọ fóònù mọ́ wà lára wọn. Wọ́n ń pa áàpù yòókù, àwọn yẹn ń tún dìde, àwọn fúnra wọn sì jókòó ti tábìlì láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n ń fi ìpolówó ọjà hàn wá. Ó dà bí ẹni tí a gbà láti wá gbá ilé, tí ó wá tẹ́ ẹní sí àárín ilé tí ó sùn.

Kí á sì mọ̀ pé nígbà mìíràn, ẹ̀bi fóònù kọ́. Bí àwọn àwòrán inú fóònù bá ń tètè ṣí, tí ó jẹ́ pé áàpù bánkì nìkan ni ó ń falẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ bánkì gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni ó ń falẹ̀, ti fóònù nìyẹn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ máa pa fóònù, kí ẹ sì tún tàn án, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí ń kó gbogbo ohun tí ó há sórí tábìlì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

2. Ẹ wo àyè tí ó kù. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ sì tẹ Storage. Google sọ pé fóònù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège bí àyè tí ó kù kò bá tó 10 nínú 100. Fún fóònù 32 GB, ẹ jẹ́ kí àyè tí ó lé ní 3 GB máa ṣófo nígbà gbogbo.

3. Ẹ wo inú WhatsApp. Nínú Settings rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Storage and data sí, ẹ óò rí Manage storage tí yóò fi àwọn fídíò ńláńlá hàn yín kí ẹ lè pa wọ́n rẹ́. Ní ibẹ̀ kan náà, ẹ lè dá gbígba fídíò láìrán-an dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ kó gbogbo rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tàbí mẹ́mọ́rì káàdì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

4. Ẹ yọ áàpù tí ẹ kò lò fún oṣù 3 kúrò, kí ẹ sì yọ àwọn tí ń ṣèlérí láti fọ fóònù mọ́.

5. Ẹ ṣí Battery nínú Settings, kí ẹ wo áàpù tí ń jẹ bátìrì jù. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ kì í lò púpọ̀, ẹ lè dá a dúró pé kí ó má ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ sí WhatsApp tàbí áàpù bánkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkéde ìpàdé àti alẹ́ẹ̀tì owó lè máa pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

6. Bí áàpù kan ṣoṣo bá há, ẹ lè gbá òun nìkan dànù tàbí kí ẹ tẹ Force stop fún un. Ìyẹn kò burú. Ẹ lè tẹ Clear cache náà, nítorí pàǹtí ni ó ń kó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún Clear data, tí fóònù mìíràn ń pè ní Clear storage: ohun tí áàpù náà tọ́jú ni ó ń parẹ́.

7. Ẹ má ṣe fi fóònù sí inú oòrùn. Bí ó bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ yóò dín ìyára rẹ̀ kù kí ó má baà bàjẹ́. Bátìrì tí ó ti gbó náà ń fà á: ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn ń dín ìyára àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Nígbà mìíràn, bátìrì titun ni fóònù nílò.

ÒFIN FÚN AKÁPÒ

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tí mo ti kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé eléyìí. Bí fóònù bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ní kí owó lọ, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ aago tí ó jẹ́ sínú ìwé. Ẹ ṣí áàpù bánkì padà, kí ẹ wo àkọsílẹ̀ owó tí ó jáde, kí ẹ sì wo iye tí ó kù. Bí kò bá hàn kedere, ẹ pe bánkì, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ pẹ́ ní wákàtí 2 lè ráhùn díẹ̀. Owó tí ó jáde lẹ́ẹ̀mejì ni í dá ìjà sílẹ̀.

Ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ka ohun tí mo rí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, mo sì fi ìṣẹ́jú 4 yẹn hàn wọ́n lórí ìwé bánkì. Ẹni tí ó gba àlékún gbà láti máa dá ₦25,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 6. Màmá Akápò fẹ́ fi ipò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kò gbà. Wọ́n pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, akọ̀wé yóò máa jókòó ti Màmá nígbà tí owó bá fẹ́ jáde, kí ojú méjì lè máa wo fóònù náà.

Nígbà tí mo tún dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, àyè tí ó ṣófo nínú fóònù Màmá ti lé ní 9 GB. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, n kò gbá a mọ́ o. Mo fi í sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀." Àwọn àgbà ṣáà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ìgbà mìíràn.