Ilé Ìsìn Alámọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ilẹ̀ Norway àwọn ilé ìsìn kan ń bẹ ní ìletò tí a fi kìkì igi kọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí òmíràn nínú wọn sì ti lo ju 800 ọdún lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé, Kí ni àwọn bàbá wa ní ìhà Ọ̀yọ́ fi kọ́ tiwọn? Amọ̀ ni. Òkè nìkan ni wọ́n lo igi sí, òkè náà ni ó sì kọ́kọ́ ń bàjẹ́.

T. J. Bowen, ará Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, ni ó ti kọ́ ilé ìsìn alámọ̀ ní 1854. Ó fẹ́ tẹ̀dó sí Ìlọrin, wọn kò gbà fún un. Nítorí náà ni ó ṣe yà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Ní 1856 ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1862 àwọn ará Ìbàdàn ti sọ ìlú náà di ahoro. Àwọn míṣọ́nnárì kó àwọn ọmọ òrukàn lọ sí Abẹ́òkúta. Wọn kò lè ru ògiri.

Bí a ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń wa ilẹ̀ pupa, a bu omi sí i, a sì fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná. A ó mọ ìpele kan, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí méjì, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí a tó lé òmíràn lé e. Ọ̀mọlé tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó. A gbọ́dọ̀ bo ilé kí òjò tó dé.

Samuel Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ nípa koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé, àti ewé gbòdògí ní ilẹ̀ igbó tí bẹẹrẹ kò sí. Láyé àtijọ́, bẹẹrẹ kì í ṣe ohun kékeré ní Ọ̀yọ́: wọ́n a máa mú un wá fún Aláàfin lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi ọdún Bẹẹrẹ ka iye ọdún. Ó tutù ju páànù lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó gbọ́ ìwàásù lábẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀ta iná kan tó láti jó o tán.

Agbo-ilé wa ní àgbàlá láàárín, iyàrá rẹ̀ kò fẹ̀, igi kúkúrú sì tó o. Ilé ìsìn yàtọ̀: gbọ̀ngàn kan gbọọrọ ni, kò sì gba òpó púpọ̀ láàárín. Ó gba igi gígùn, bẹ́ẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí igi ńlá ti ṣọ̀wọ́n ju ti igbó lọ. Ìrókò ni ikán kì í tètè jẹ. Igi rírọ̀ kì í bá a dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ ìjọ ń wó ogiri bàbá wọn nítorí pé ó ti sán. Ẹ dúró ná. Ẹ wo òrùlé kí ẹ tó wo ògiri, nítorí omi tí ń jò láti òkè ni ó ń pa amọ̀. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ má baà máa lu ìdí ògiri, kí ẹ sì gbẹ́ ojú àgbàrá sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ má ṣe fi símẹ́ńtì rẹ́ amọ̀ lójú. Símẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Omi tí ó bá gba ibi tí ó sán wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri yóò sì jẹrà nínú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀, kí ẹ sì kun ún ní ẹfun. Ẹ máa yẹ ìdí ògiri àti igi àjà wò fún ipa ikán lóṣooṣù, pàápàá kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.